Bọ́ọ̀sì, Lọ́rì Arìnrìn-àjò Tàbí Mọ́tò Àyálò: Ìfiwéra fún Tọkọtaya Tó Fẹ́ Gba Orí Ilẹ̀ Rìn ní Ìhà Gúúsù Áfíríkà

Tọkọtaya tó bá gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn ní Cape Town, tí wọ́n sì fẹ́ gba orí ilẹ̀ dé Victoria Falls, ibi tí odò Zambezi ti ń dà láti orí àpáta ní ààlà Zambia àti Zimbabwe, ní ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n lè gbà. Wọ́n lè máa wọ bọ́ọ̀sì èrò láti ìlú dé ìlú, wọ́n lè san owó àyè nínú lọ́rì tí àwọn ilé iṣẹ́ ìrìnàjò fi ń kó èrò kiri, wọ́n sì lè yá mọ́tò kí wọ́n máa wà á fúnra wọn. Ìmọ̀ràn tó pọ̀ jù lórí irú ìrìnàjò yìí, ẹni tó ń dá rìn ni wọ́n kọ ọ́ fún, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ẹni kan kò bá ti ẹni méjì mu. Ìbéèrè tí mo rọ̀ yín kí ẹ máa bi gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ tà fún yín lọ́nà ni pé: ṣé orí-ní-orí ni wọ́n ń gba owó rẹ̀ ni, àbí odidi ni wọ́n ń tà á? Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, àyè inú lọ́rì, físà àti owó ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹranko, orí-ní-orí ni. Ìlọ́po méjì ni ẹ̀yin méjèèjì yóò san, kò sí ẹ̀dínwó kankan fún ìfẹ́. Mọ́tò, epo rẹ̀, yàrá àti àgọ́, odidi ni; ẹni méjì á pín in sí ọgbọọgba.

Àmọ́ ohun tí wọ́n ń tà ní odidi kì í fi gbogbo ìgbà gbe ẹni méjì. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó máa ń gbé èrò fò kiri lókè ilẹ̀ olómi Okavango láti ìlú Maun ní Botswana sábà máa ń gba èrò márùn-ún, owó ọkọ̀ náà lódindi ni wọ́n sì ń gbà, iye yòówù tó bá wọ inú rẹ̀. Bí ẹ̀yin méjì nìkan bá wọ̀ ọ́, ẹ ti san owó àga mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Ohun tó yẹ kí tọkọtaya máa wá ni èyí tí wọ́n ń tà ní odidi, tó sì jẹ́ pé ẹni méjì ló kún un. Ìwọ̀n tí mo fi wọn àwọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn, mo sì fi ìwọ̀n kejì kún un, ìyẹn ni bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe sí àárín ẹni méjì tí yóò wà papọ̀ tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Bọ́ọ̀sì èrò

Bọ́ọ̀sì ńlá tó ń rin àárín àwọn ìlú pàtàkì ní South Africa, Namibia àti Zambia kò burú. Cape Town sí Windhoek tó nǹkan bí 1,500 kìlómítà, òru mọ́jú ni ọkọ̀ sì ń fi rìn ín. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Intercape máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ lè yan àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó kúrò nílé. Ní Vioolsdrif, níbi tí odò Orange ti pààlà, gbogbo èrò á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á tò láti gba òǹtẹ̀ ìjáde South Africa, wọ́n á sọdá afárá, wọ́n á sì tún tò fún òǹtẹ̀ ìwọlé Namibia. Awakọ̀ kì í fẹ́ dúró pẹ́ de ẹnì kan ṣoṣo tí ìwé rẹ̀ ní wàhálà, nítorí náà kí ìwé yín pé, kí ó sì wà nítòsí ọwọ́.

Ní ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀sì ńlá ni àwọn ọkọ̀ kéékèèké wà: kọ́ńbì ní Namibia, chapa ní Mozambique. Wọn kì í gbéra àfi tí wọ́n bá kún, ẹni tó bá sì ti dúró de ọkọ̀ rí ní gáréèjì Ọ̀jọ́ta kò nílò àlàyé síwájú sí i lórí ohun tí kíkún túmọ̀ sí. Owó wọn kéré, ṣùgbọ́n báàgì ńlá méjì lè di owó àga kẹta, pàápàá nínú chapa. Àwọn ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà jíjìn ní Mozambique máa ń gbéra ní nǹkan bí agogo mẹ́ta tàbí mẹ́rin òru, èyí tó mú kí ó pọn dandan láti sùn sí ibi tí kò jìnnà sí gáréèjì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìgbà tí ẹ bá wà nínú bọ́ọ̀sì ni ẹ ó mọ̀ pé ẹni méjì sàn ju ẹyọ ènìyàn kan lọ. Ní gáréèjì Intercity ní Lusaka, àwọn tó ń pe èrò á ti dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà, kálukú á máa fa apá yín sí ọ̀dọ̀ ọkọ̀ tirẹ̀, wọn á sì fẹ́ gba báàgì lọ́wọ́ yín. Ẹni tó dá wà níbẹ̀ ní láti gbé ẹrù rẹ̀ mọ́ra bó ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kiri. Tọkọtaya á pín iṣẹ́ náà: ọ̀kan á jókòó lé ẹrù, èkejì á lọ sí ojú fèrèsé, á bèèrè iye owó, á wo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ bóyá ó ti ń kún, kí ó tó yọ owó. Ohun kan náà ló rí ní ilé ìtura, ní ibodè, àti ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí.

Níbi tí bọ́ọ̀sì ti kùnà ni pé kì í wọ ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn torí rẹ̀ lọ sí Namibia. Kò sí bọ́ọ̀sì èrò tó ń wọ inú ọgbà ẹranko Etosha, kò sí èyí tó ń gbé ènìyàn dé ẹsẹ̀ àwọn òkè iyanrìn Sossusvlei. Ẹni tó bá gba ọ̀nà bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sanwó fún àwọn amọ̀nà tó ń kó èrò láti Windhoek tàbí Swakopmund, owó yẹn sì jẹ́ orí-ní-orí. Ẹ ó wá rí i pé owó tí ẹ rò pé ẹ ti fi pamọ́ nínú tíkẹ́ẹ̀tì ti gba ibòmíràn lọ.

Lọ́rì arìnrìn-àjò

Lọ́rì yìí jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n gbé àga àti fèrèsé sí lẹ́yìn, tó ń gbé ogún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú awakọ̀, olùdarí, àgọ́, ìkòkò àti sítóòfù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti Cape Town sí ibi ìdàlẹ̀ omi Zambezi, tó gba Namibia àti Botswana kọjá ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn èrò máa ń ran ara wọn lọ́wọ́: ẹ ó pa àgọ́ yín fúnra yín, ẹ ó bá wọn gé ẹ̀fọ́, ẹ ó fọ abọ́ nígbà tó bá kàn yín.

Fún tọkọtaya, àǹfààní kan wà tó ṣe kedere: àgọ́ ẹni méjì ni wọ́n ń pín, ẹ̀yin sì ti jẹ́ méjì, nítorí náà owó àfikún tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dá sùn kò kàn yín. Àmọ́ ibẹ̀ ni ẹ̀dínwó pin sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè ohun mẹ́ta: ṣé owó ẹnu ọ̀nà àwọn ọgbà ẹranko wà nínú rẹ̀, oúnjẹ mélòó ni kò sí nínú rẹ̀, àti pé ṣé apá kan owó náà jẹ́ dọ́là tí ẹ gbọ́dọ̀ kó wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sí òkè kì í sábà jẹ́ iye tí ẹ ó san gan-an.

Lójú tèmi, lọ́rì dára fún tọkọtaya tí kò sí ẹni tó lè wakọ̀ nínú wọn, tàbí àwọn tó mọ̀ nínú ara wọn pé àwòrán ilẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn. Kò sí ẹni tí yóò bi yín pé ọ̀nà wo ni kí a gbà. Ohun tí ẹ ó fi san án ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín: ogún ènìyàn ni ẹ ó máa bá jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ogún ènìyàn ni yóò gbọ́ bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nínú àgọ́. Bí ibì kan bá sì wù yín láti sun oorun ọjọ́ kan kún un, lọ́rì á lọ, ẹ ó sì bá a lọ. Tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó kí wọ́n rò ó dáadáa.

Mọ́tò àyálò

Níbi tí ìṣirò ti yí padà nìyí, ó sì tọ́ kí n pẹ́ lórí rẹ̀. Mọ́tò kékeré kan tí ẹni kan bá yá, òun nìkan ló ń san án. Tí ẹ̀yin méjì bá yá a, ìdajì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, epo náà sì di ìdajì. Ní Namibia, tó jẹ́ orílẹ̀-èdè tó tó 825,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta lọ, mọ́tò ló ń ṣí ilẹ̀ náà fún yín. Irú méjì ni ẹ ó máa yàn láàárín wọn.

Èkíní ni mọ́tò kékeré lásán, tí ẹ ó máa fi lọ sùn nínú yàrá tàbí nínú àgọ́ tí ẹ gbé dání. Èkejì ni ọkọ̀ gíga tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà, tó ní àgọ́ tí wọ́n ń ṣí lórí rẹ̀, fíríìjì kékeré, tábìlì, àga àti ìkòkò. Owó èkejì ga púpọ̀, ṣùgbọ́n ibùsùn àti ilé ìdáná ti wà nínú owó náà, àgọ́ orí mọ́tò sì jẹ́ ti ẹni méjì gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá ro owó yàrá ojoojúmọ́ àti oúnjẹ ilé ìtura mọ́ ti mọ́tò kékeré, àlàfo àárín méjèèjì á dín kù ju bí ó ti rí lójú lọ. Síbẹ̀, àṣìrò ni láti gbà pé kò sí bí ẹ ṣe lè rìn ní Namibia láìní ọkọ̀ gíga. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mọ́tò kékeré ń lọ sí Etosha, Swakopmund àti Sesriem, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ Sossusvlei, láìsí ìdíwọ́. Láti ẹnu ọ̀nà Sesriem, títì ọlọ́dà gba nǹkan bí 60 kìlómítà wọ àárín àwọn òkè iyanrìn, kìkì nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún tó kẹ́yìn ló jẹ́ iyanrìn jíjìn tí ọkọ̀ kékeré kò lè wọ̀. Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà níbẹ̀ tó ń gbé èrò la ìyókù kọjá. Ẹ kò ní torí kìlómítà márùn-ún yá ọkọ̀ gíga fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi owó lé lórí ní Sesriem ni ibi tí ẹ ó sùn sí. Àwọn tó bá pàgọ́ sínú ẹnu ọ̀nà ọgbà náà máa ń láǹfààní láti gbéra ṣáájú àwọn tó sùn síta, nǹkan bí wákàtí kan kí oòrùn tó yọ. Wákàtí yẹn ló ń mú kí ẹ wà lórí òkè iyanrìn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń pọ́n lára rẹ̀, kí ẹ sì dé Deadvlei, níbi tí igi tó ti kú láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣì dúró ṣánṣán lórí amọ̀ funfun, kí ooru tó mú.

Ní Etosha, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1907, ẹ kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò àfi ní ibi ìsinmi, ẹ sì gbọdọ̀ ti wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Okaukuejo ni kí ẹ kọ́kọ́ wá àyè sí. Wọ́n tan iná sí etí kòtò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó náà, ẹ lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ògiri kúkúrú kí erin, àgùnfọn àti àgbáǹréré máa wá mu omi níwájú yín lóru. Wọn kì í gba owó ìwòran yẹn lọ́tọ̀. Ó ti wà nínú owó ibùsùn.

Ewu mọ́tò kì í ṣe ẹranko igbó, ojú ọ̀nà ni. Púpọ̀ nínú ọ̀nà Namibia jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, tó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi máa ń gbàgbé ara rẹ̀. Ìwọ̀n tó bójú mu ni 80 kìlómítà ní wákàtí kan; ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tó sì yí ọwọ́ lójijì nítorí àgbọ̀nrín tàbí kòtò, mọ́tò lè takìtì. Kò yẹ kí ẹ wakọ̀ lálẹ́ rárá, nítorí màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti àwọn ẹranko igbó máa ń dúró sí àárín títì. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà ní gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó ń gbé London ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn kí ó fi ọjọ́ àkọ́kọ́ wakọ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá ní ibi tí ọ̀nà bá ti pàdé.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ gba mọ́tò, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ ka táyà àfikún: méjì ni kí ọkọ̀ gíga ní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi jáàkì gbé mọ́tò náà lójú yín, kí ẹ mọ ibi tí wọ́n ń fi í sí. Ẹ tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà, kí ẹ bèèrè iye afẹ́fẹ́ tó yẹ fún títì ọlọ́dà, fún òkúta wẹ́wẹ́ àti fún iyanrìn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú yín bá ń yí mọ́tò po pẹ̀lú òṣìṣẹ́ wọn, kí èkejì máa ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti ha àti gbogbo ibi tí òkúta ti bà lára gíláàsì iwájú. Ẹ ka ìwé adójútòfò dé ìdí, torí pé táyà, gíláàsì àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ sábà máa ń wà lára ohun tí kò bò, àyàfi tí ẹ bá san owó kún un. Kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí awakọ̀. Bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ bá wà á tí ó sì fi í kọ lu nǹkan, ẹ̀yin ni ẹ ó san gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé mọ́tò náà sọdá ibodè, ilé iṣẹ́ tó ni ín gbọ́dọ̀ fún yín ní lẹ́tà àṣẹ, wọn á sì gba owó lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà sí ìlú mìíràn, owó rẹ̀ tún yàtọ̀, ó sì máa ń wúwo púpọ̀ bí ìlú náà bá wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé kí tọkọtaya gbé mọ́tò àyálò láti Cape Town dé Livingstone, ìlú Zambia tó wà nítòsí Victoria Falls. Èyí tó dára jù lójú mi ni kí wọ́n dà á pọ̀: ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Cape Town dé Windhoek, ẹ yá mọ́tò níbẹ̀, ẹ fi yí Namibia ká, ẹ dá a padà sí Windhoek kan náà, kí ẹ sì wọ bọ́ọ̀sì gba Katima Mulilo, ìlú ààlà ní àríwá ìlà oòrùn Namibia, lọ sí Livingstone. Livingstone kò nílò mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kasane ní Botswana: ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èrò lọ wo àwọn erin odò Chobe. Láti ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí afárá Kazungula lórí odò Zambezi láàárín Zambia àti Botswana, tó gùn ní mítà 923, tó sì gba ipò pọ́ńtù tí ọkọ̀ akẹ́rù máa ń tò dè fún ọjọ́ púpọ̀, lílọ láàárín ìlú méjèèjì ti rọrùn.

Ìwọ̀ oòrùn tàbí ìlà oòrùn

Gbogbo ohun tí mo ti sọ títí di báyìí dá lórí ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀nà kejì gbéra láti Johannesburg, ó wọ Maputo ní Mozambique lẹ́yìn nǹkan bí 550 kìlómítà, ó tẹ̀lé etí òkun lọ sí Tofo àti Vilankulo, ó sì yà sí òkè lọ sí Malawi. Owó ojoojúmọ́ kéré ní ọ̀nà yìí ju ti Namibia àti Botswana lọ. Ọ̀nà èrò ni, ọjà ni, ẹja yíyan ni, kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò àyálò. Ní Tofo, ẹ̀yin méjèèjì lè wẹ̀ nítòsí àwọn ẹja àbùùbùtán tó ní àmì tótòtó lára. Ní Vilankulo, ọkọ̀ ìgbòkun ń gbé èrò lọ sí erékùṣù Bazaruto.

Ẹni tó bá yan ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ ní sùúrù àti ọjọ́ púpọ̀. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ ní Mozambique, Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀ ní gáréèjì. Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta ni ìjì líle máa ń jà ní etíkun, irú èyí tí wọ́n pè ní Idai, tó ba Beira jẹ́ ní ọdún 2019. Ìpínlẹ̀ Cabo Delgado ní àríwá pátápátá ti wà nínú ogun àwọn agbébọn láti ọdún 2017. Ẹ má gba ibẹ̀ lọ sí Tanzania. Tí ó bá jẹ́ ẹranko igbó àti aṣálẹ̀ ni ẹ ń wá, ìwọ̀ oòrùn ni. Tí ó bá jẹ́ omi gbígbóná, ènìyàn àti owó tó ń pẹ́ lọ́wọ́, ìlà oòrùn ni. Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí ó gbàgbé méjèèjì, kí ó yá mọ́tò ní Windhoek, kí ó yí Namibia nìkan po.

Ibi ìsùn àti owó

Àwọn họ́sítẹ́ẹ̀lì tó wà lójú ọ̀nà yìí sábà máa ń ní yàrá àjùmọ̀sùn, yàrá ẹni méjì àti pápá tí ènìyàn lè pàgọ́ sí. Bẹ́ẹ̀dì méjì nínú yàrá àjùmọ̀sùn máa ń sún mọ́ iye yàrá ẹni méjì, nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé ẹ fẹ́ fi owó pamọ́ kí ẹ wá lọ sùn láàárín àjèjì mẹ́fà. Ní ti pápá, ẹ bèèrè bóyá orí-ní-orí ni tàbí lórí ààyè; ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti máa ń jáde láàárín ibùdó kan sí òmíràn.

Owó rándì South Africa ń ná ní Namibia, Lesotho àti Eswatini gẹ́gẹ́ bí tiwọn, ṣùgbọ́n dọ́là Namibia kò ná ní South Africa, torí náà ẹ ná an tán kí ẹ tó sọdá. Kwacha Zambia àti kwacha Malawi kì í ṣe owó kan náà. Ní Zimbabwe, dọ́là Amẹ́ríkà ni kí ẹ mú dání, kí ó jẹ́ kéékèèké, kí ó sì mọ́, nítorí ṣéńjì ṣọ̀wọ́n.

Páásípọ́ọ̀tù méjì tí kò dọ́gba

Tọkọtaya Yorùbá tó ń gbé ní òkè òkun lè máà ní irú páásípọ́ọ̀tù kan náà: kí ti ọkọ jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ti ìyàwó ṣì jẹ́ ti Nàìjíríà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, páásípọ́ọ̀tù tí físà rẹ̀ ṣòro gbà jù ni kí ó yan ọ̀nà fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹni tó mú ti Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ gba físà South Africa kí ó tó kúrò nílé, kí ó sì béèrè fún èyí tó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ẹni tó bá jáde sí Namibia pẹ̀lú físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò lè gba ibẹ̀ padà. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀fẹ́ mọ́: láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, Namibia ti ń gba owó físà lọ́wọ́ wọn.

Físà kan wà tí wọ́n ń pè ní KAZA, dọ́là 50 fún ọgbọ̀n ọjọ́, tó gba Zambia àti Zimbabwe pọ̀, tó sì fàyè gba kí ènìyàn lọ sí Botswana láàárọ̀ kí ó padà lálẹ́. Ẹni tó bá sùn mọ́jú ní Botswana ti jáde kúrò nínú rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àkọsílẹ̀ wọn nìkan ló lè gbà á, ẹ wo àkọsílẹ̀ náà kí ẹ tó gbé ètò yín lé e. Yẹ́lò káàdì ibà pọ́njú sì jẹ́ dandan fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá sì ti gbà á, ó tó títí ayé.

Ìlera àti ìgbà

Cape Town, etíkun gúúsù South Africa àti ìhà gúúsù Namibia kò ní ibà ẹ̀fọn. Livingstone, Chobe, Malawi àti Mozambique ní in. Ẹni tó ti pẹ́ ní London tàbí Houston, tó ń rò pé ara òun ti mọ ibà láti kékeré, kí ó mọ̀ pé ààbò ara yẹn ń dín kù bí ènìyàn bá ti kúrò níbi tí ibà wà. Kí ó lo oògùn ìdènà bíi ti àwọn yòókù, kí ó má sì dá a dúró lọ́jọ́ tó bá padà délé. Aboyún, tàbí ẹni tó ń retí oyún, kí ó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, kí ó sì ronú nípa ìhà gúúsù tí kò ní ibà nìkan. Ní adágún Malawi, omi náà mọ́ gaara, ṣùgbọ́n àtọ̀sí ajá (bilharzia) wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wẹ̀ níbẹ̀ kí ó ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn bí oṣù méjì.

Oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá ni ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tó dára jù láti rí ẹranko. Oṣù Keje tutù ní aṣálẹ̀ lóru débi pé omi lè dì, nítorí náà aṣọ òtútù kì í ṣe ẹrù àfikún. Omi Zambezi kún jù ní nǹkan bí oṣù Kẹrin. Ní oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá, apá ti Zambia ní Victoria Falls lè gbẹ di àpáta lásán, apá Zimbabwe sì ni kí ẹ lọ. Ẹ yẹra fún Beitbridge, ibodè South Africa àti Zimbabwe, lásìkò Kérésìmesì àti Àjíǹde.

Ìrìnàjò tó bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town tó sì parí ní Livingstone tàbí Lusaka kò gbọdọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tó ń padà sí Cape Town. Ẹ ra èyí tó ń wọ ìlú kan tó ń jáde ní òmíràn, torí pé lílọ padà lórí ilẹ̀ á jẹ ọjọ́ àti owó yín. Àwọn òṣìṣẹ́ ibodè lè bi yín pé níbo ni ẹ ó ti jáde ní ilẹ̀ wọn. Ẹ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì ìjáde náà sórí ìwé ní ẹ̀dà méjì, kí kálukú mú tirẹ̀ dání pẹ̀lú yẹ́lò káàdì rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ tábìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n á ti dá yín lóhùn.